Ẹ Dá Mattie Ross Padà Fáwọn Ọmọ Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Ọ̀dọ́

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Ọ̀dọ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa nílùú Houston,

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Mo ti fọ ọwọ́ mi. Mo kọ́kọ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ yìí ní kọ̀rọ̀, ẹ sì ní kí n fi sílẹ̀. N kò lè fi sílẹ̀, nítorí àwọn òbí ń bi mí, àwọn ọmọ ń bi mí, n kò sì rí èsì fún wọn ju pé àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ ní gbangba.

Láàárín sáà ẹ̀kọ́ yìí, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí pé ẹ ti gba ìwé ìtàn àròsọ True Grit kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kàwé lọ́jọ́ Sátidé. Ìdí tí ẹ sọ ni pé olóró ni ẹni tó ń sọ ìtàn náà, pé ẹ̀san ló ń lé kiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì kábàámọ̀, àti pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò bá ẹ̀kọ́ ilé mu. Ẹ kò pe àwa tí à ń kọ́ àwọn ọmọ náà. Ẹ kò bi ọmọ kankan pé kí ló rí kọ́ níbẹ̀. Wọ́n kó ìwé sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tì í pa.

Fún àwọn òbí tí kò tíì kà á: Charles Portis ló kọ ìwé náà, ọmọ ìpínlẹ̀ Arkansas tó ṣe sójà ní Korea, tó sì ṣiṣẹ́ ìròyìn ní New York àti London kó tó padà wálé wá jókòó ti ìwé kíkọ. Ọdún 1968 ló jáde. Wọ́n ti fi ṣe fíìmù lẹ́ẹ̀mejì, ní 1969 àti ní 2010. Ti àkọ́kọ́ ni John Wayne fi gba Oscar. Obìnrin àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Mattie Ross ló ń sọ ìtàn náà, ó ń rántí ohun tó ṣe nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 14. Tom Chaney, ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ gbà síṣẹ́, yìnbọn pa bàbá náà nílùú Fort Smith ní Arkansas, ó sì sá wọ ilẹ̀ àwọn Choctaw, ẹ̀yà Indian kan. Mattie lọ sí Fort Smith, ó fi owó gba ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ kan, Rooster Cogburn, olójú kan, ọ̀mùtí, pé kó bá òun lọ mú apànìyàn náà, ó sì ní dandan ni kí òun náà bá a lọ.

Wàyí o, ẹ̀sùn mi nìwọ̀nyí.

1. Ibi tí ẹ̀san ti dùn jù lẹ ti gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Etí odò ni wọ́n kà dé. Rooster àti LaBoeuf, ọlọ́pàá agẹṣin tó wá láti Texas níbí, fẹ́ já Mattie jù sílẹ̀. Wọ́n ti bá ọlọ́kọ̀ sọ ọ́ pé kó má gbé e kọjá. Ọmọ náà kò bá wọn jiyàn, ó darí ẹṣin rẹ̀, Little Blackie, sínú omi nígbà òtútù, ẹṣin wẹ̀, ó sì bá wọn lódìkejì. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin kan gun orí àga. Títí dé ibẹ̀, ẹ̀san kò tíì gba ohunkóhun lọ́wọ́ Mattie. Ó ti borí oníṣòwò, ó ti borí àwọn géńdé méjì tó ń ru ìbọn, ó wá borí odò. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lẹ ní kí wọ́n kó ìwé wá.

Ẹ̀yin àgbà, bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà yín kí ọmọ má lọ fẹ́ràn ẹ̀san, ṣé ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ dá a dúró? Owó ọjà ló kù tí wọn kò tíì san. Nígbà tí Mattie rí Chaney níkẹyìn, ó yìnbọn lù ú létí omi, ìbọn kò pa á, wọ́n sì mú ọmọ náà. Nígbà tó tún rí àyè, ó yìn ín mọ́ ọn lórí. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò ráyè tọ́ ìṣẹ́gun náà wò, nítorí ìbọn ti òun sẹ́yìn, òun sì ṣubú sínú kòtò. Àdán àti ejò ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó ti kú di egungun. Ejò bù ú jẹ lọ́wọ́. Rooster gbé e sórí Little Blackie, ó gun ẹṣin náà títí ó fi kú, ọmọ náà sì ń bẹ̀ ẹ́ kó dáwọ́ dúró. Ní Fort Smith, dókítà gé apá rẹ̀ kúrò. Ẹṣin tó gbé e la odò kọjá ti lọ, apá ti lọ. Òkú Chaney pàápàá, LaBoeuf ló gbé e lọ sí Texas nítorí ẹlòmíràn tó ti pa níbẹ̀.

Gbogbo èyí ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tó kù sínú orí àwọn ọmọ ni pé Mattie la odò kọjá.

2. Òótọ́ ni pé asọ̀tàn náà kò kábàámọ̀. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn.

Ẹni tó bá ń retí pé obìnrin yìí yóò bú sẹ́kún lójú ewé tó kẹ́yìn yóò retí títí. Gbólóhùn tó fi parí ìwé, ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ṣì ń dárúkọ, àti yìnyín tó wà nílẹ̀ nígbà náà. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó ti lówó. Báńkì rẹ̀ ni. Apá kan ló ní. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ó ní àwọn aráàlú ń sọ pé owó àti ìjọ Presbyterian nìkan lòun fẹ́ràn, ó sì dá wọn lóhùn pé kò kàn wọ́n, òun fẹ́ràn ìjọ òun, òun fẹ́ràn báńkì òun, àyè ọkọ ni kò sí. Kò sọ níbì kankan pé ọ̀nà tó tọ̀ lọ́mọ ọdún 14 ló gbé e dé ibẹ̀. Kò tilẹ̀ jọ pé ó mọ̀. Ẹni tó ń kàwé ni yóò so ó pọ̀.

Ní ìparí, ó fi ọ̀rọ̀ kékeré kan kún un nípa LaBoeuf. Ó ní òun kò tún fojú kàn án mọ́, òun kò gbúròó rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ṣì wà láyé tó sì ṣèèṣì ka ìwé yìí, inú òun yóò dùn bó bá kọ̀wé sí òun. Ọkùnrin tó fi pàṣán nà án lọ́jọ́ tó la odò ni o. Láti ìgbà èwe títí di ogbó, kò rí ẹlòmíràn tí yóò máa retí lẹ́tà rẹ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀ lórí ìdáríjì nílẹ̀ yìí àti nílé, n kò tíì gbọ́ èyí tó wọ̀ mí lára bí gbólóhùn yẹn.

Ẹ máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń wo fóònù wọn. Mattie ni ẹni tí kò gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, tó jókòó kọ ìwé láti ibi tí kò ti rí ẹni bá ṣeré, tó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ara òun le koko. Ọmọ ọdún 15 lè gbọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó ń sọ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Mo ti rí wọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ.

Wọ́n sì nílò etí yẹn. Àwọn olóró tí wọn yóò bá pàdé láyé kì í wí pé olóró làwọn. Ní ayẹyẹ wa gbogbo, ẹnì kan wà tó jókòó sí tábìlì tó jìnnà jù sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí ilẹ̀ kan ní Ìbàdàn, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń náwó fún olórin, tó sì ń sọ fún ẹni tó bá bi í pé òun ti fi gbogbo ẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọmọ tó bá ti ka Mattie yóò mọ irú ohùn yẹn.

3. Òkú bàbá rẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀yin àgbà Yorùbá ka ìwé yìí, bó bá jẹ́ pé ẹ kà á, ẹ kò sì sọ ohunkóhun lórí èyí. Mattie kò sí níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀. Yarnell Poindexter, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó sìn ín wá sí Fort Smith, ló bá òkú padà sílé nínú ọkọ̀ ojú irin. Ìyá Mattie àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì wà nílé. Òun tó jẹ́ àkọ́bí, tó mọ ìṣirò, tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, dúró sẹ́yìn láti wá apànìyàn.

Ó sọ ọ́ wéré, ó kọjá lọ. Kíláàsì kò kọjá. Ọmọbìnrin kan bèèrè pé, "Ta ló wá da yẹ̀pẹ̀?" Ibi tó ti rí ìbéèrè yẹn yé mi, ó sì yé ẹ̀yin náà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ti rí i tí bàbá tàbí ìyá wọn wo ìsìnkú òbí lórí Zoom láàárọ̀ kùtùkùtù, nítorí pé ìwé ìgbélùú kò tíì jáde, bí wọ́n bá sì jáde nílẹ̀ yìí wọn kò ní lè wọlé mọ́. Àwọn òbí náà kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wọn rí. Gbogbo ohun tí ọmọ mọ̀ ni pé Dádì jókòó sínú mọ́tò ní gáréèjì fún ìgbà pípẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nítorí ọmọ Arkansas kan tí kò sin bàbá rẹ̀, a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀ tó rò pé à ń kọ́ wọn ní ìkà.

Ẹ kò sì jẹ́ kí wọ́n dé apá kejì rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Mattie gbọ́ pé Rooster wà pẹ̀lú àwọn eléré agẹṣin kan tó ń bọ̀ ní Memphis. Ó wọkọ̀ lọ kí i. Nígbà tó débẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni Rooster ti kú. Kò yíjú padà. Ó san owó, ó ní kí wọ́n hú òkú ọ̀mùtí náà, tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, ó gbé e wá sí Dardanelle, ó sin ín sí ibi tí wọ́n ń sin àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì gbé òkúta lé e lórí. Àwọn ará ìlú sọ ohun tí wọ́n máa sọ. Èrò tèmi ni pé ìsìnkú tí kò ṣe nígbà èwe ló ń ṣe. Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yín lè sọ pé irọ́ ni mo ń pa, kí wọ́n sì fi ojú ewé hàn mí. Ìdí tí kíláàsì fi wà nìyẹn.

4. Ẹ̀san ní ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí Mattie tó wá Rooster, ọ̀dọ̀ olórí ọlọ́pàá Fort Smith ló kọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá náà ní Chaney ti wọ ilẹ̀ Indian, àṣẹ òun kò dé ibẹ̀, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ti lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá nílé rí, tí wọ́n ní kó lọ ra bírò àti ìwé tí wọn yóò fi kọ ọ́, mọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà. Bí ìdájọ́ bá falẹ̀, ẹ̀san á yára. Ẹ̀kọ́ yìí kan ìjọba ju ọmọdé lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé náà kò jẹ́ kí Mattie lọ bẹ́ẹ̀. Ó bi olórí ọlọ́pàá pé ta ló dára jù nínú àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀. Ọkùnrin náà dárúkọ mẹ́ta. William Waters mọ ipasẹ̀ tọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Rooster Cogburn ló burú jù, kò láàánú, ẹ̀rù kì í bà á, ó sì fẹ́ràn ọtí. L.T. Quinn máa ń mú àwọn ọ̀daràn wá láàyè, ó ń ṣe ẹ̀tọ́ fún wọn, òun sì ni olórí ọlọ́pàá náà rò pé ó dára jù. Kí ni Mattie sọ? Ó ní níbo lòun ti lè rí Rooster.

Ojú ewé kan péré. Lọ́jọ́ tí a kà á, mo bi àwọn ọmọ pé ta ni wọn ìbá yàn. Àwọn kan ní Rooster, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan tó máa ń dákẹ́ ní Quinn, nítorí pé bí wọ́n bá mú Chaney láàyè, Mattie lè bi í pé kí ló dé tó fi ṣe é. Ẹ ò rí i! Mattie fẹ́ kóòtù. Ó ń bá LaBoeuf jà nítorí pé ó fẹ́ kí wọ́n dá Chaney lẹ́jọ́ ní Fort Smith nítorí bàbá òun, kì í ṣe ní Texas nítorí ẹlòmíràn. Síbẹ̀ ọkùnrin tó yàn kì í sábà mú ènìyàn dé kóòtù. Lẹ́yìn ìbọn Mattie, Rooster ló parí ẹ̀mí Chaney, kò sí adájọ́, kò sí ẹ̀rí. Bí mo bá ní kí n jókòó kọ ìwàásù lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdájọ́ àti ẹ̀san, n kò lè ṣe é dáadáa tó ojú ewé kan yẹn.

5. Owó. Èyí kò gbà mí lákòókò.

Bàbá Mattie ra àwọn ẹṣin kéékèèké lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Stonehill kó tó kú, Chaney sì jí ẹṣin bàbá náà gbé láti inú ilé ẹṣin Stonehill. Mattie lọ bá a: 200 dọ́là fún ẹṣin tí wọ́n jí, 100 fún àwọn ẹṣin kéékèèké, 25 fún èyí tí Chaney fi sílẹ̀. Ó ń pe orúkọ lọ́yà rẹ̀ bí àwọn ìyá wa ní Dùgbẹ̀ ṣe ń pe orúkọ ìyálọ́jà. Stonehill san 325 dọ́là náà. Àwọn ọmọ kà á lákàtúnkà, wọ́n ṣe é bí eré. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n mọ bí a ṣe ń tọ́jú owó. Èyí tó dára jù tí mo mọ̀ nìyẹn. Ẹ sì kíyè sí i pé nígbà tó ń sọ bí wọ́n ṣe pa bàbá rẹ̀, ẹnu kan náà ló fi ka 150 dọ́là àti wúrà méjì tí wọ́n jí lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa náà ló ń ka owó lọ́jọ́ ọ̀fọ̀ kí ẹkún má baà jáde.

6. Kí la ń kọ́ wọn níbòmíràn?

Ẹ ní Olúwa sọ pé, "Tèmi ni ẹ̀san, èmi ó gbẹ̀san." Ó wà níbẹ̀, nínú Romu. Mattie mọ Bíbélì náà, ó ń ka ẹsẹ rẹ̀ fún wa, ó sì ń bá àwọn ìjọ mìíràn jiyàn. Ìbéèrè mi ni pé: àwọn ọmọ wọ̀nyí ń tẹ̀ lé wa lọ sí òru àdúrà. Kí ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀? Kí ọ̀tá mi ṣubú kó kú. Kí ẹni tó ń bá mi jà má sùn. Sáàmù 35 àti 109 lẹ́nu gbogbo wa, ẹsẹ̀ ń lu ilẹ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń jáde. Mattie dárúkọ apànìyàn kan tó pa bàbá rẹ̀ lóòótọ́. Àwa ń gbé ẹni tí kò ṣe wá ní nǹkan kan lọ síwájú Ọlọ́run nítorí pé a lálàá rẹ̀.

Níbi ayẹyẹ Ọjọ́ Yorùbá wa, ẹ̀yin náà lẹ ní kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Wọ́n bẹ́ aboyún lórí níbẹ̀. Ikú ọmọ kan ṣoṣo ló sọ obìnrin náà dà bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ wa sì lóye rẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ ya fọ́tò. Kò sí ẹni tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sórí WhatsApp. Ṣé oró tó bá ti wọ aṣọ òkè kì í ṣe oró mọ́?

7. Ẹ̀sùn kan wà tí ẹ lè fi kan ìwé yìí, ẹ kò sì fi kàn án.

Ìwé náà kún fún ojú tí àwọn aláwọ̀ funfun ìlú Gúúsù fi ń wo ayé nígbà náà. Nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, bàbá Mattie jà fún ìhà àwọn tó fẹ́ kí oko ẹrú máa bá a lọ, Mattie kò sì rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Èébú aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀, èébú Indian wà níbẹ̀. Rooster jà lábẹ́ Quantrill, ẹni tó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ ìlú Lawrence ní Kansas lọ́dún 1863, tí wọ́n pa àwọn aráàlú nípakúpa. LaBoeuf sọ ọ́ sí i lójú, Rooster ní irọ́ ni. Yarnell, tó gbé òkú bàbá Mattie délé, kò rí ojú ewé púpọ̀. Èmi tí mò ń tọ́ ọmọ dúdú ní Texas, mo ronú lórí gbogbo èyí kí n tó gbé ìwé náà wọ kíláàsì, mo sì kọ lẹ́tà sáwọn òbí nípa rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìdí tí ẹ gbà á nìyí, ǹ bá jókòó bá yín sọ ọ́, bóyá ẹ tilẹ̀ lè yí mi lọ́kàn padà lórí bí a ó ṣe kà á. Ẹ kò dárúkọ rẹ̀. Ó fi hàn mí pé kò sí ẹni tó ṣí ìwé náà kọjá ẹ̀yìn rẹ̀.

8. Ìpínlẹ̀ Mattie fúnra rẹ̀ ti gbìyànjú irú èyí.

Lọ́dún 2023, Arkansas ṣe òfin kan, Act 372, tó lè sọ òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé di ọ̀daràn bó bá fún ọmọdé ní ìwé tí wọ́n bá pè ní aṣenilọ́ṣẹ́. Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ Timothy Brooks dá apá méjì nínú rẹ̀ dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì fagi lé wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ilé ẹjọ́ ìwọ̀ oòrùn Arkansas ló ti dá ẹjọ́ náà, ilé ẹjọ́ kan náà tí Isaac Parker ti ṣe adájọ́ láti 1875 títí di 1896, tó dájọ́ ikú fún ènìyàn 160, tí wọ́n sì so 79 nínú wọn kọ́. Parker yẹn ni Rooster ń ṣiṣẹ́ fún nínú ìwé. Ẹ̀yin kì í ṣe ìjọba, kò sí ẹni tó ń ti ẹnikẹ́ni mọ́lé níbí. Àmọ́ kóòtù àwọn agbókùn-kọ́ni pàápàá ti wá ní àwọn yóò gbọ́ ẹjọ́ kí wọ́n tó dá a. Ẹ̀yin kò gbọ́ ẹjọ́.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ẹ dá ìwé náà padà fún kíláàsì kí sáà tó parí, kí àwọn ọmọ kà á tán. Òbí tí kò bá fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ kà á, kó sọ ọ́, a ó fún ọmọ náà ní ìwé mìíràn láìsí ìtìjú. Kí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ iwájú kọ́kọ́ kà á tán, kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ojú ewé tó ń tọ́ka sí, kó sì jẹ́ kí àwọn olùkọ́ fèsì kí wọ́n tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin fúnra yín wá jókòó sí kíláàsì lọ́jọ́ tí a bá dé ibi kòtò. A kò ní bi yín ní ìbéèrè kankan. Àwọn ọmọ lè bi yín.

Bí èsì yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú orúkọ, kì í ṣe "Ìgbìmọ̀." Àwọn òbí tó kó owó jọ ra ìwé náà ń fẹ́ mọ ẹni tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀, àwọn kan sì ti ń béèrè bóyá àwọn lè gbé ẹ̀dà tiwọn lọ sílé. Akọ̀wé ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kíláàsì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ọjọ́ Sátidé, tó tún jẹ́ òbí